Owó Ọjà Màmá Jemimah

"Ọjọ́ mẹ́rin! Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo ti wà nínú ilé yìí, Beatrice, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ohùn odó! Ṣé ààwẹ̀ ni ìyá mi ń gbà ni, àbí ìwọ lo bá wọn gbà á?"

Ohùn Adéfúnkẹ́ nìyẹn. Ó ti kọjá páànù òrùlé, ó ti sọdá títì, ó ti dé ọ̀dọ̀ Kàsúmù tó ń lẹ táyà lódìkejì. Kàsúmù dá iṣẹ́ dúró, ó sì na etí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn.

Beatrice wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Kò gbójú sókè. Ó rán ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí, ó fi eyín já òwú, lẹ́yìn náà ló dìde, ó rìn wá síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ gbàgà sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ ná," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi dá yín lóhùn kò dára lẹ́nu ẹni tó wà lórí ìdúró."

"Ìkúnlẹ̀ ni ìyá mi máa jẹ?"

"Wọ́n jẹun láàárọ̀, wọ́n jẹun lọ́sàn-án, wọ́n jẹun lálẹ́. Ẹ̀yin náà rí wọn."

"Kí ni wọ́n jẹ? Ògì! Ẹ̀wà! Ìyá tó tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà ní Ìjerò yìí, tí kò sí ìrọ̀lẹ́ tí odó rẹ̀ kò dún, ògì ni ìwọ ń pò fún un bí ọmọ ọwọ́!"

Ẹni tí kò bá gbé apá ibí yìí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe kékeré. Ní Ìjerò, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, odó ni agogo ilé. Ilé tí odó rẹ̀ bá dún, wọ́n ti jẹun nìyẹn. Ilé tí odó rẹ̀ kò bá dún, wọn ì báà jẹ ìkòkò ìrẹsì ẹlẹ́ran kan tán, ebi ni wọ́n sùn lójú aládùúgbò. Wọ́n tilẹ̀ ń fi obìnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé nígbà tí iṣu tán nílé rẹ̀, odó òfìfo ló ń gún kíkankíkan, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ojú má baà tì í.

Adéfúnkẹ́ gbọ́n, ó sì mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ni àkọ́bí Màmá Jemimah, ó ń ta ẹja yìnyín n'Ìbàdàn, owó tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ gidi tó bá wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, etí ló fi ń wo ilé.

"Mo sì rí ẹ̀pà," ó ní, ó sì nawọ́ sí àga Màmá tó ṣófo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, nítorí Màmá ti lọ sí ìpàdé àdúrà. "Abọ́ ẹ̀pà lójoojúmọ́! Tíṣà Ọláníyì á bu tirẹ̀, Kàsúmù á bu tirẹ̀, ẹni tó ń lọ sóko á bù, ẹni tó ń bọ̀ á bù. Beatrice, mo bẹ̀ ọ́, ìyá mi tí kò ní eyín lẹ́nu, ta lo ń fi owó wọn ra ẹ̀pà fún?"

Lódìkejì títì, Kàsúmù tún fi ọwọ́ kan táyà rẹ̀, bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò jáde rárá.

"Màmá ló ń pín in," Beatrice ní. "Èmi kọ́."

"Ohun tí o bá ní kí Màmá sọ ni wọ́n máa sọ. Ẹ̀rù rẹ ń bà wọ́n! Ó ti tó. Bí ọ̀sẹ̀ méjì mi bá pé níbí, mò ń kó ìyá mi lọ s'Ìbàdàn. Káyọ̀dé! Káyọ̀dé, jáde lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, kí o wá gbọ́!"

Káyọ̀dé ni ọkọ Beatrice. Takisí ló ń wà láti Ìjerò sí Arámọ̀kọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló sì hàn lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti rí i pé kò sí ibi tó láàbò tó abẹ́ ọkọ̀.

"Nọ́ọ̀tì kan ni mò ń tú, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Láti àárọ̀?"

"Ó le díẹ̀ ni."

Ohun tó dun Beatrice kì í ṣe owó. Kọ́bọ̀ kan nínú owó náà kì í wọ àpò rẹ̀. Ìbàdàn ló ń bà á lẹ́rù. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Adéfúnkẹ́ ti mú Màmá lọ síbẹ̀ rí fún oṣù kan gbáko. Ilé rẹ̀ tóbi, géètì rẹ̀ ga, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ìyá tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ló lọ, ẹni tó padà wálé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó tó oṣù méjì kó tó tún fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Nígbà tí Beatrice bi í léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ́hùn-ún, Màmá ní, "Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Kò sì sí ẹni tó ní kí n ṣe nǹkan kan." Beatrice kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Màmá bá tún wọ inú géètì yẹn, kò ní í ṣe fún oṣù kan mọ́.

Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi sọ ohun tó sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la lọjà. Owó ọjà Màmá rèé." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì gbé owó náà lélẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ohun tí mò ń ná láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì ní ọjọ́ kárùn-ún nìyẹn, kì í lé, kì í dín. Ẹ̀yin ẹ gbà á. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ná an títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí Màmá bá fi ẹnu ara wọn sọ pé ọwọ́ yín dùn ju tèmi lọ, èmi gan-an ni màá di ẹrù wọn, màá sì rù ú dé gáréèjì."

"Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Owó ọjà á padà sọ́wọ́ mi, Màmá á jókòó sórí àga wọn, ẹ kò sì ní bi mí léèrè odó mọ́ láéláé."

Adéfúnkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Beatrice, ìwọ fẹ́ bá oníṣòwò díje lórí owó í ná?"

"Èrè í jẹ lẹ mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn yàtọ̀."

Adéfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣa owó náà nílẹ̀.

Ká sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: Beatrice tí wọ́n bí ní Ìlòrò yìí mọ owó í ná. Ẹni tó mọ owó í wá pọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n pa mọ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ná, ẹ wá a láti Ìjerò dé Arámọ̀kọ, kí ẹ wá a dé Ẹ̀fọ̀n, kí ẹ wá sọ iye tí ẹ rí fún mi. Bí Beatrice bá wọ ọjà, kì í tètè tú etí ìró rẹ̀. Á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á kọ́kọ́ rìn ín yí po láìra nǹkan kan, bí ọ̀gá tó wá yẹ iléèwé wò. Á mọ ibi tí ata ti pọ̀ tí wọ́n ti fẹ́ kó o sílẹ̀ kí oòrùn má baà bà á jẹ́. Bó bá dé ìsọ̀ Ìyá Gift oníṣu, kì í wo èyí tí wọ́n tò sókè tó ń dán. Iṣu tí ọkọ́ ṣá nígbà tí wọ́n ń wà á ló ń wá nísàlẹ̀. Ọgbẹ́ rẹ̀ kì í ju àtàǹpàkò lọ, owó rẹ̀ á sì ti já sí ìdajì. Á gé ojú ọgbẹ́ náà dànù, èyí ni yóò kọ́kọ́ gún, kó tó ráyè jẹrà.

Ìyá Gift bi í nígbà kan pé, "Ìyá Joy, ṣé iṣu mi ò dára ni, tí o kì í rà ju méjì lọ?"

Èsì tí Beatrice fún un, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ oníṣu títí dòní. Ó ní, "Iṣu àkọ́kọ́, ebi ló rà á. Ìkejì, adùn ló rà á. Ìkẹta, ọ̀kánjúwà ni. Ìkẹrin, etí aládùúgbò ló rà á, etí aládùúgbò kì í sì í bá mi dá owó."

Owó iṣu kẹta náà á di ọṣẹ ìwẹ̀ àti òróró tí Màmá fi ń pa orúnkún. Ti ìkẹrin á di ẹ̀wà, ògì àti orí ẹja gbígbẹ tó máa ń mú ọbẹ̀ ta sánsán. Kì í da owó lé nǹkan kan lórí títí tí á fi sú ẹni. Bó bá ti rí i pé ẹgbẹ̀ta náírà mìíràn níbi ẹran kò ní dùn tó bí ẹgbẹ̀ta náírà náà yóò ti dùn níbi ọṣẹ, á fi ẹran sílẹ̀ láìwẹ̀yìn, alápatà ì báà máa pè é ní ìyàwó. Ìwé mẹ́fà ló kà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Orí rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ti ẹ̀pà yẹn nìkan ló gbà pé kí ó kọ́kọ́ fi ojú rí i kí ó tó yé e. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí i pé bí òun bá gún iyán lójoojúmọ́, Màmá á jẹ ìdajì, á máa wo títì. Ní ọjọ́ kan, ṣẹ́ńjì ọjà kù díẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ra ẹ̀pà sísun tí òun fẹ́ máa jẹ nídìí ẹ̀rọ, ó sì gbàgbé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga Màmá nígbà tó ń jáde lọ. Tíṣà Ọláníyì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ń kọjá lọ. Màmá pè é. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ fún un. Tíṣà jókòó, ó sọ ìtàn. Kàsúmù rí wọn, ó sọdá. Obìnrin kan tó ń ti Ìpótì bọ̀ yà láti sinmi. Nígbà tí Beatrice padà dé, Màmá ti di ọba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dájọ́ lórí aáwọ̀ tọkọtaya kan tí kò mọ̀ rí, abọ́ ẹ̀pà sì wà lórí itan rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀wà tán, ó tún ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀pà ti wọ inú owó ọjà, iṣu kẹta sì ti jáde.

Beatrice kò sọ fún Adéfúnkẹ́. Ta ni yóò gbé ẹnu sọ ọ́ pé owó tí o ń rán láti Ìbàdàn, àwọn tí ń kọjá lọ ni wọ́n ń jẹ lára rẹ̀? Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Adéfúnkẹ́ jọ lọ sọ́jà. Beatrice ru agbọ̀n, ó sì pa ẹnu mọ́, iṣẹ́ tó nira jù fún un láyé. Ìyá Gift rí léèsì Ìbàdàn lára Adéfúnkẹ́ ní òkèèrè, ó ti fi ẹgbẹ̀rún kan lé owó iṣu kí léèsì náà tó dúró.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, Màmá mi."

"Fún mi ní méjì tó tóbi jù," Adéfúnkẹ́ ní, kò tilẹ̀ ná an.

Ìyá Gift wo Beatrice. Beatrice wo ọ̀run. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ alápatà, ẹran màlúù tí kò légungun ló rà. Owó tó kù kò ju ti epo àti ata lọ. Kò sì gba ènì níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ra irú ọjà yẹn ní Ìjerò láìgba ènì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ olè tó ń sá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Adéfúnkẹ́ gbé odó jáde wá sí iwájú ilé. Kò gún un ní ilé ìdáná. Ọmọrí odó ń dún gbì, gbì, gbì, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ obìnrin yìí sì dára nídìí odó, ẹ jẹ́ ká fún un. Iyán náà funfun, ó ń fà, kò ní kókó kan. Màmá Jemimah jẹ ẹ́, ó jẹ ẹran, ó gbé ojú sókè.

"O ṣé, ọmọ mi. Uyán yìí dùn gan-an."

Adéfúnkẹ́ kò wo ibòmíràn, ojú Beatrice ló wò. Beatrice rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kó abọ́ nílẹ̀.

Iṣu ni wọ́n sè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iṣu ni wọ́n sun lọ́sàn-án. Iyán ni wọ́n gún nírọ̀lẹ́. Màmá jẹ ìdajì.

"Ẹ jẹ ẹran, Màmá."

"Ẹran dára, ọmọ mi. Eyín ló ṣẹ́kù ká rà."

Ọjọ́ kẹta ni ọṣẹ tán. Adéfúnkẹ́ wá a nílé, wá a lẹ́yìnkùlé, nígbà tó yá ó wọlé lọ gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra ọṣẹ méjì. Beatrice dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n mi. Owó wo lẹ fi ra ọṣẹ yẹn?"

"Owó mi ni!"

"Ẹn-ẹ́n. Bí tèmi bá tán, n kì í ní báàgì tí mò ń wọlé lọ gbé. Àpò kan ni mo ní, ibi tó bá mọ náà ni n ó ti dúró. Ẹ̀yin, ẹ ti ki ọwọ́ bọ àpò kejì lọ́jọ́ kẹta."

"Dìde lọ́nà fún mi!"

"Mo ti dìde, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá le. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà Ọláníyì yà, ó kí Màmá, ó jókòó. Ọwọ́ Màmá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bó ṣe máa ń lọ. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà tún ìró rẹ̀ so, bí ẹni pé nítorí ìró ló ṣe na ọwọ́. Tíṣà kò ní ojúkòkòrò, kò wá jẹ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ó rí ojú Màmá, ojú rẹ̀ náà sì ń tì í nítorí rẹ̀, ló bá sọ pé òun ní ẹni tí òun fẹ́ rí. Kàsúmù juwọ́ láti ọ̀nà jínjìn, kò sọdá. Nígbà tí Adéfúnkẹ́ gbé iyán wá, Màmá ní, "Bá mi gbé díẹ̀ fún Kàsúmù."

"Tiyín ni, Màmá. Ẹ̀yin ni mo gún un fún. Ẹ jẹ ẹ́ tán." Ó sì dúró tì í bí nọ́ọ̀sì.

Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá gbé àga rẹ̀ wọnú ilé.

Beatrice rí i láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rán apá yunifọ́ọ̀mù kan, ó rán an sódì lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ dájú pé bí òun bá dákẹ́ títí di ọ̀la, òun lè jàre. Ṣùgbọ́n irú àre wo ni wọ́n ń fi ìbànújẹ́ ìyá àgbà jẹ? Ó mú nínú owó ìránṣọ rẹ̀, ó lọ ra ẹ̀pà, ó dà á sínú abọ́, ó sì gbé e wọlé tọ Màmá lọ nígbà tí Adéfúnkẹ́ wà ní ilé ìdáná.

Màmá wo abọ́ náà pẹ́.

"Gbé e padà, Ìyá Joy."

"Màmá, n kò lè máa wò yín báyìí."

"Bí mo bá gbà á, owó ta ni wọ́n á ní ó rà á? Fi ọmọ náà sílẹ̀ kí ó ná owó rẹ̀ tán."

Beatrice ya ẹnu. "Ẹ mọ̀?"

"Ohùn tó sọdá títì bá Kàsúmù lọ́jọ́sí, ṣé kò ní lè rìn dé ìpàdé àdúrà bá mi? Ká tó ṣe Àmín, wọ́n ti sọ iye owó náà fún mi." Ó fi ọwọ́ ti abọ́ náà padà díẹ̀díẹ̀. "Ṣùgbọ́n má bi mí ní ohun tí n ó sọ. Ọmọ mi ni. Ó ṣiṣẹ́ kó tó rí owó náà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò fi Beatrice lọ́kàn balẹ̀. Ó gbé ẹ̀pà náà jáde, ó kó o sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ti ń fọkàn di ẹrù Màmá: ó mọ àpò tí aṣọ wọn yóò gbà. Ó mọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ s'Ìbàdàn.

Ọjọ́ ọjà tún kò. Adéfúnkẹ́ fi ìyókù iṣu gún iyán ìkẹyìn, ó sì pe ìpàdé fúnra rẹ̀. Ó fa Káyọ̀dé jáde láti ìdí ọkọ̀. Ó pe Tíṣà Ọláníyì. Ó kígbe pe Kàsúmù wá láti òdìkejì títì, ó ní, "Ìwọ náà wá, aláròyé, kó má baà jẹ́ òkèèrè ni o ó ti gbọ́ ọ."

Kàsúmù ń nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bó ṣe ń bọ̀. "Ẹ̀yin ará Èkìtì," ó ní, "lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ti jẹ ọkà, a ti jẹun nìyẹn. A kì í pe ìpàdé lé e lórí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín àfi Káyọ̀dé, òun náà sì tètè fi ikọ́ bò ó.

Wọ́n gbé àga Màmá padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adéfúnkẹ́ gbé iyán síwájú rẹ̀, ọbẹ̀ ń yọ èéfín, ẹran gun ara wọn lórí. Beatrice kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

"Màmá," Adéfúnkẹ́ ní, "ojú gbogbo ènìyàn ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Kí ẹ má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Láti ọjà dé ọjà, ṣé odó dún àbí kò dún?"

"Ó dún."

"Ṣé ẹ jẹ ẹran àbí ẹ ò jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Ẹ gbọ́ o! Káyọ̀dé, o gbọ́? Owó kan náà ni o! Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kan náà tí àwọn kan fi ń po ògì!"

Beatrice wo ilẹ̀. Èèrà kan ń fa èérún iṣu lọ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó tẹjú mọ́ ọn.

Màmá Jemimah ṣan ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ó rọra nù ún. Dípò kó na ọwọ́ sí iyán, ọmọrí abọ́ ló gbé, ó sì fi bò ó.

"Uyán ọjọ́ kìn-ín-ní dùn," ó ní. "Mo sọ fún ọ, n kò parọ́. Ti ọjọ́ kejì náà kò burú. Nígbà tó di ìkẹta, ọ̀fun mi ń gbà á, inú mi ń kọ̀ ọ́. Ti àná, ìwọ ni mo jẹ ẹ́ fún, Adéfúnkẹ́, kí inú rẹ má baà bà jẹ́."

"Màmá!"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ìyàwó yìí, uṣu méjì kéékèèké ló ń rà. Ó ń gún un lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi mí sílẹ̀ títí tí n ó fi máa bèèrè. Ìgbà tó bá tún fi gún òmíràn, ẹnu mi ti ń ṣomi dè é. Ó mọ ìgbà tí orúnkún ń dùn mí, ó mọ ìgbà tó jẹ́ pé ẹnu ló ń yun mí tí n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Owó kékeré rẹ yẹn, gbogbo ara mi ló ń fi kàn. Ìwọ fi gbogbo rẹ̀ kan ikùn mi nìkan."

Tíṣà Ọláníyì mi orí.

"Ẹ̀pà ńkọ́?" Adéfúnkẹ́ ní. Omi ti lé ròrò sí i lójú, ohùn rẹ̀ sì tún ti ń lọ sókè. "Ẹ̀pà tí ẹ ò lè fi eyín kàn! Ẹ̀pà ló wá dùn ju iyán tí mo fi apá mi méjèèjì gún lọ?"

"Ó dùn lọ́wọ́ mi. Àwọn kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, Adéfúnkẹ́. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé tí wọ́n ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì wà láyé nìyẹn."

"N kò fi owó mi ránṣẹ́ sí Kàsúmù! N kò fi ránṣẹ́ sí Tíṣà! Ẹ̀yin ni mò ń bọ́, Màmá! Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo ni mò ń bọ́!"

Ìyá àgbà náà di apá àga rẹ̀ méjèèjì mú. Ó dìde dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, ó sì wo ojú àkọ́bí rẹ̀.

"Ewúrẹ́ ni wọ́n ń bọ́," ó ní. "Wọ́n á so ó mọ́ ìdí igi, wọ́n á máa kó oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fún ẹnì kankan níbẹ̀. Èmi ni mo bí ọ, Adéfúnkẹ́. O ò rà mí lọ́jà."